Yìnyín Lórí Tàránsísítọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Anpilifáyà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó máa ń kùn hùn-ùn tó bá ti gbóná. Mo di yìnyín sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lé tàránsísítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń fún ohùn lágbára) lórí, ariwo dákẹ́ wẹ́lo. Kò pẹ́ ni òmíràn tún bẹ̀rẹ̀, ṣìì-ṣìì, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ló dé? (Alátùn-únṣe, Mushin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o mú olè kan, o tún ṣílẹ̀kùn fún èkejì.

Sílíkọ́nì, èròjà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà bíi ti wáyà, ló wà nínú tàránsísítọ̀ yẹn. Bó bá ti ń gbóná, ẹlẹ́kítíróònù, àwọn ohun bíńtín tó ń gbé iná, á máa já kúrò níbi tí wọ́n so mọ́, iná á sì máa jò gba ibi tí kò yẹ. Nígbàkígbà tí ooru rẹ̀ bá fi nǹkan bíi 10°C lé sí i, jíjò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni yìnyín fi pa á lẹ́nu mọ́. Pààrọ̀ rẹ̀, ó ti ń jò.

Ti ṣìì-ṣìì ńkọ́? Wo ìgò míńírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú kúlà ní Ojúwòyè: kí o tó gba ṣéńjì, ó ti ń làágùn. Omi inú afẹ́fẹ́ Èkó ló ń bà lé ohun tútù. Ó bá eruku àti iyọ̀ ìka wa lórí bọ́ọ̀dù, iná bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, bí mo ṣe ba tẹlifíṣọ̀n oníbàárà jẹ́ nìyẹn. Oṣù méjì ni mo fi san án.

Ìrì yìí ti da ẹni tó jù wá lọ láàmú. Ní oṣù November 1947, Walter Brattain, onímọ̀ físíìsì, ń wádìí ní ilé ìwádìí Bell Labs, Amẹ́ríkà, bí òtútù ṣe ń yí ìṣesí iná padà lójú sílíkọ́nì. Ìrì ń sẹ̀ sí i lára, iṣẹ́ ń dàrú. Ó yẹ kó fa afẹ́fẹ́ kúrò láyìíká rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn á pẹ́, ló bá kúkú ti gbogbo rẹ̀ bọ omi. (Ìwọ má dán an wò o!) Ni iná tí ìmọ́lẹ̀ ń mú jáde lára sílíkọ́nì bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. John Bardeen, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́kítíróònù tó há sójú sílíkọ́nì ló ń dínà mọ́ agbára iná tó bá fẹ́ wọlé láti òde. Omi ló wá ṣẹ́gun wọn. Kí December tó parí, tàránsísítọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́, germanium, èròjà mìíràn tó jọ sílíkọ́nì, ni wọ́n sì fi ṣe é.

Tìrẹ, yọ ọ́ lára iná, fi spírítì nu bọ́ọ̀dù, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn, fáànù kékeré ni kí o kọ sí i. Fáànù ò lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ, ìrì ò sì ní sẹ̀.