Bóòtù kò wọ ihò lórí òkè: ẹ má fi gáàsì sun ún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ihò ara bíìmù (irin ìdábùú) òrùlé ibùdó kébùlù káà, ọkọ̀ tó ń fi okùn irin gbé èèyàn gòkè, tẹ́ ẹ ń tò kò bá ihò ara òpó mu, pé ṣé kẹ́ ẹ fi gáàsì fẹ ihò náà. Rárá, ẹ jọ̀ọ́.

1. Kíréènì gbọ́dọ̀ ṣì gbé bíìmù yẹn dání kẹ́ ẹ tó dẹ bóòtù tẹ́ ẹ ti fún pa nítòsí ẹ̀.
2. Ẹ ki irin ṣóńṣó bọ ihò kẹ́ ẹ fi fa ihò bíìmù àti ti òpó bára wọn, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ lásán wé gbogbo bóòtù.
3. Tí òpó bá ti dúró ṣánṣán ni kẹ́ ẹ tó fún wọn pa, láti ibi tí irin ti le jù, tí kì í mì, bọ̀ síta.

Tí ìyàtọ̀ ihò méjèèjì ò bá ju bíi 2 mm lọ nìyẹn o, torí ihò bóòtù M20 (tó nípọn 20 mm) kì í sábà ju 22 mm lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wọn bóòtù inú kọnkéré nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ pe ẹnjiníà tó ya iṣẹ́ yẹn.

Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ wọn irin yẹn? Irin 30 mítà tí oòrùn bá mú gbóná ju ti àárọ̀ lọ pẹ̀lú 20 dígírì á fi bíi 7 mm gùn sí i, òtútù àti oòrùn orí òkè sì le gan-an, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo òkè Zugspitze ní Jámánì tí wọ́n ṣí kébùlù káà tuntun ní December 2017, 2,962 mítà ni téńté ẹ̀, ta ló fẹ́ gbé irin tí wọ́n lu ihò ẹ̀ sódì padà wálẹ̀ látibẹ̀? Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn, èyí tó kù nílẹ̀, ẹ tò ó pọ̀ wò ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kó tó gòkè.