Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ọ̀bẹ Ọdẹ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Rọ

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́wọ́ ní ojú ìwé yìí pé ọ̀bẹ ni mo máa ń rọ ní ọ̀sán Sátidé, láìjẹ́ pé iṣẹ́ ajé mi ni, lẹ́tà tó ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà ti ju èyí tí a ń rí gbà lórí ìjà tọkọtaya lọ. Mo yan mẹ́rin nínú wọn fún ti oṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ọdẹ sì ni bàbá tó bí mi. Mo ra síprín pẹlẹbẹ ti ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù, wẹ́dà àdúgbò wa bá mi gé e, èmi fúnra mi sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fá a títí ó fi di ọ̀bẹ. Mo gbé e sínú iná èédú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, mo wá tì í bọ omi tútù bí mo ti máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó mú, ó sì ń dán. Ní ọjọ́ kejì ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sórí símẹ́ńtì, ó sì dá sí méjì bí àwo tánganran. Ṣé síprín náà ni kò dára ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Síprín kò jẹ̀bi. Ẹ gbé ẹ̀là méjèèjì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti dá dáadáa. Bí ó bá rí hóró-hóró bíi gàrí tí a kò jọ̀, iná ti pọ̀ jù fún un. Bí ó bá kúnná, tí ó sì rí eérú-eérú bí ẹ̀lùbọ́, a jẹ́ pé iná ṣe déédéé, ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn iná ni kò ṣe déédéé. Níwọ̀n bí ẹ ti sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, gàrí ni mo rò pé ẹ óò bá níbẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Kábọ̀n tó wà nínú irin síprín tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló sì ń jẹ́ kí irin náà le nígbà tí a bá mú un gbóná dé ibi tó yẹ tí a sì mú un tutù lójijì. Bí ooru kò bá dé ibẹ̀, kò ní í le. Bí ó bá kọjá ibẹ̀ púpọ̀, hóró inú irin á tóbi, kò sì ní í lè fara da ìkọlù kankan mọ́. Òòfà ni ẹ óò fi mọ ibẹ̀, kì í ṣe ojú lásán. Nígbà tí irin bá gbóná tó nǹkan bí 770°C, òòfà kì í lè fà á mọ́. Ẹ fi wáyà so òòfà kékeré kan kọ́ lẹ́bàá iná, kí ẹ máa yọ ọ̀bẹ náà kàn án. Ní ìgbà tí òòfà kò bá dá a lóhùn mọ́, ẹ dá ọ̀bẹ padà sínú iná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ó fi díẹ̀ gbóná sí i, tó bíi 830°C, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti ṣe é. Kì í ṣe tìtorí òjò nìkan ni ilé alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń ṣókùnkùn: nínú oòrùn, irin tó ti gbóná jù máa ń dà bí èyí tí kò tíì gbóná tó.

Omi ni àṣìṣe kejì, nítorí ó máa ń gba ooru lọ́wọ́ irin síprín kíákíá ju bí irin náà ti lè gbà á lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ óò gbọ́ tó máa dún “tín” nínú omi, tí ó ti sán nìyẹn. Òróró ẹ̀pà ni kí ẹ lò, kí ẹ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 55°C, torí pé èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ṣàn yí irin ká ju èyí tó tutù lọ. Ṣóńṣó ni kó kọ́kọ́ wọlé, lóòró gbọnrangandan, ẹ sì lè máa tì í síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń gé nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jù ú sọ́tùn-ún sósì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wọ́. Tèmi àkọ́kọ́ wọ́ bí ọrun ọdẹ, ó ṣì wà lórí ògiri mi di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ní ti àwọn alágbẹ̀dẹ tí ẹ wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ojú àdá nìkan ni wọ́n ń tì bọ omi, tí wọ́n á sì tètè yọ ọ́, kí ooru tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ lè padà wá dẹ ojú náà. Ìdajì iṣẹ́ wọn ni ẹ rí.

Dídẹ̀ yìí ni ẹ kò ṣe rárá, òun sì ni ọ̀bẹ yín fi fọ́ bí àwo. Bí ọ̀bẹ bá ti jáde nínú òróró, ẹ fa fáìlì, irin eléyín tí a fi ń fá irin, lójú rẹ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó ti le nìyẹn, ó sì ti gan pẹ̀lú, ó lè ṣẹ́ nírọ̀rùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ gbé e sínú ófùn ìdáná ní 200°C fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi sáńpépà dán an díẹ̀, ẹ óò rí i tí àwọ̀ rẹ̀ yóò máa yí padà lọ sí ti koríko gbígbẹ. Bí ó bá di àwọ̀ aró, ẹ ti dẹ̀ ẹ́ jù fún ọ̀bẹ. Ẹ sì má ṣe fá ojú rẹ̀ di tín-ín-rín kó tó wọ iná. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó mìlímítà kan, kí ẹ sì jẹ́ kí igun ibi tí ojú ọ̀bẹ ti pàdé ìdí rẹ̀ tó ń wọ inú èèkù rí róbótó, torí pé ibi tí igun bá ti mú ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, sà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé mo lè fi rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé rọ ọ̀bẹ? Òun ló wà nílé. Mo sì rí àwòrán ọ̀bẹ kan tó ní eyín ayùn lẹ́yìn, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe.

ÌDÁHÙN: Rọ́ọ̀dù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ náà, ọmọ mi, ó sì gba ìlùlù bí ìyán. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó gé tòmátì, kò gé oríkèé egungun, nítorí kábọ̀n inú rọ́ọ̀dù kéré débi pé iná àti òróró kò lè mú un le dáadáa. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń lu irin. Kò dára fún ọ̀bẹ. Síprín ọkọ̀ ni kí o wá, tàbí fáìlì àtijọ́ tí kò jẹ irin mọ́, nítorí kábọ̀n inú fáìlì gidi máa ń tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Kí o ṣọ́ra fún fáìlì olówó pọ́ọ́kú, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé awọ òde rẹ̀ nìkan ló le. Gé ṣóńṣó rẹ̀ kékeré, mú un gbóná dé ibi tí òòfà kì í ti í fà á, tì í bọ òróró, kí o wá fi ẹ̀mú dè é kí o sì fi òòlù gbá a. Bí ó bá ṣẹ́ pẹ́kí, irin ọ̀bẹ ni. Bí ó bá tẹ̀, gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Ní ti eyín ayùn ẹ̀yìn ọ̀bẹ, gbàgbé rẹ̀. Kò ní í gé igi dáadáa, yóò sì tún sọ ẹ̀yìn ọ̀bẹ di ibi tí ó ti lè dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ tí ikùn rẹ̀ tẹ̀ gbùngbùn tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ràn: bíbó awọ ẹran ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ ọdẹ tiwa kì í sì í bó awọ òkété tàbí etu, iná ni wọ́n fi ń jó irun rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ fá a. Ohun tí ọ̀bẹ wa nílò ni ojú tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ̀yìn tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, àti ṣóńṣó tó lágbára tó lè wọ oríkèé. Síprín máa ń nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà wàá ní láti lù ú pẹlẹbẹ nígbà tó bá gbóná, wàhálà tó tóbi jù sì nìyí. Kí o lọ bá alágbẹ̀dẹ ìlú yín kó bá ọ lù ú. Bí o bá débẹ̀, “Àrọ̀ye o” ni kí o kí i, kí o sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ láìná an bí ẹni ń ra ata.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi ti sọ ẹ̀yìnkùlé wa di ilé àgbẹ̀dẹ. Èéfín ń wọlé, eruku ń wọ ọbẹ̀ mi, mo sì ń bẹ̀rù kó má fi iná jóra rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un? Ìyá Àyọ̀, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, Ìyá Àyọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó máa ń sun páìpù tàbí páànù tí wọ́n fi síńkì bò. Bí ó bá ń ṣe é, kó jáwọ́ lónìí, nítorí èéfín síńkì máa ń mú kí ara ẹni gbóná kó sì máa gbọ̀n láàárín wákàtí díẹ̀, tí èèyàn á máa lo oògùn ibà láìjẹ́ pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Òróró tó fi ń mú irin tutù ni kó wà nínú agolo irin tó ní ìdérí irin, kí iyẹ̀pẹ̀ sì wà nítòsí. Bí òróró bá gbiná, ìdérí ni kó fi pa á, kó má ṣe da omi sí i láé, torí pé omi náà ló máa gbé iná dé òrùlé yín. Ẹ̀rọ ìlọrin tí àwọn wẹ́dà ń lò kò dáríjì ẹni tí kò wọ ìbòjú, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó wọ agbádá tàbí ìbọ̀wọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sídìí rẹ̀. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni eruku igi: ìrókò tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe èèkù ọ̀bẹ lè fa ìyún ara àti ikọ́ sẹ́mìísẹ́mìí, nítorí náà kó fi ohun ìbomú tó ń sẹ́ eruku bo imú, kó sì máa fi omi rẹ sáńpépà rẹ̀. Ní ti ọbẹ̀, òun ni kó gbé àrọ rẹ̀ kúrò, kì í ṣe ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé ìkòkò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo fúnra rẹ̀ rọ ọ̀bẹ ọdẹ kan fún mi, èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, ó sì fi awọ ṣe àkọ̀ rẹ̀. Mo ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé mo lè mú un bọ̀, kí n sì máa fi sí bẹ́líìtì mi ní ìrántí?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè mú un bọ̀, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi sí bẹ́líìtì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1988 sọ pé ẹni tó bá gbé ohun tó mú ojú tàbí tó ní ṣóńṣó lọ sí àárín ìgboro gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi. Ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ kò bá ju ínǹṣì mẹ́ta lọ, ilé ẹjọ́ sì ti sọ pé èyí tó ní ohun tó ń tì í pa nígbà tí a bá ṣí i kò sí lára rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n yín kì í ká, nítorí náà gígùn rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìrántí kì í ṣe ìdí tí ọlọ́pàá máa gbà lójú títì Peckham. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó lóòótọ́, bí ọ̀nà ìpàgọ́ tàbí ọdẹ ṣíṣe, ẹ dì í sí ìsàlẹ̀ àpò, kí ẹ sì gbé e padà sílé ní kété tí ẹ bá parí.

Nínú ọkọ̀ òfúrufú, ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kó wà, kì í ṣe báàgì tí ẹ gbé dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ẹ fi páálí líle bo ojú rẹ̀ kí ó má baà ṣá ẹni tó bá tú ẹrù yẹn wò. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe jẹ́ kó sùn sínú àkọ̀ rẹ̀, torí pé awọ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, síprín sì máa ń dógùn-ún kíákíá. Ẹ nù ún, ẹ fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ pa á, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ sì gbé àkọ̀ náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.