Fífi rìmóòtù ṣí bùútù ọkọ̀ àtijọ́: lọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, 1963 ni wọ́n ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ṣí bùútù rẹ̀. Ẹrù á kún ọwọ́ mi, òjò á máa rọ̀, èmi á ṣì máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é kí n lè máa fi rìmóòtù ṣí i. Mo rí solenoid kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fa irin àárín rẹ̀ wọlé tí iná bá dé ibẹ̀, tí wọ́n ní ó lè fa kílò 7. Ṣé kí n rà á? Mi ò fẹ́ lu ihò kankan sára ọkọ̀ náà o.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Kò burú, àmọ́ ẹ ò tíì mọ iye agbára tí lọ́ọ̀kì yín ń fẹ́, iye yẹn ló sì máa sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ẹ ṣí bùútù sílẹ̀. Ẹ fi súkúdíráfà ti ẹnu lọ́ọ̀kì náà títí yóò fi ró “kàù”, bí ìgbà tí bùútù bá dé. Ẹ so okùn mọ́ apá kékeré tí kọ́kọ́rọ́ máa ń tì, kí ẹ fi òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, fà á díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu lọ́ọ̀kì yóò fi là. Ẹ ka kílò tó dé, ẹ sì fi rúlà wo bí apá náà ṣe rìn tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì tó ti gbẹ sínú rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ẹ nù ún, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ tún un wọ̀n. Lọ́ọ̀kì kan tí mo ṣe láìpẹ́ yìí, kílò 6 ló ń fẹ́ kí n tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán, kò tó 3. Ẹ rántí pé bùútù ò dé nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n. Tó bá dé, rọ́bà etí rẹ̀ á máa ti lọ́ọ̀kì, lọ́ọ̀kì á sì le sí i. Nítorí náà, ẹ wá ohun tó lè fa ìlọ́po méjì iye tí ẹ rí.

Ní ti kílò 7 tí wọ́n kọ sára solenoid yẹn, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló ti ń fa iye yẹn. Nígbà tí irin àárín rẹ̀ bá ṣì yọ síta, agbára rẹ̀ kéré gan-an. Bó ṣe ń wọlé ló ń lágbára sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni lọ́ọ̀kì máa ń le jù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n á fa kébù le dáadáa, solenoid á kàn máa kùn, bùútù ò ní ṣí. Ẹ jẹ́ kí kébù náà dẹ̀ ní bíi mìlímítà 5. Irin yẹn á ti sáré wọlé díẹ̀ kó tó kan lọ́ọ̀kì, á wá já a lójijì. Dídẹ̀ yẹn náà ni kò ní jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ máa fa solenoid nígbà tí ẹ bá fi ṣí i. Tí apá lọ́ọ̀kì yín bá ní láti rìn ju mìlímítà 15 lọ, ẹ gbàgbé solenoid, kí ẹ lo mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó ń rìn gùn ju ti solenoid lọ.

Inú mi dùn pé ẹ ò fẹ́ luhò. Ihò tí a bá lu sára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìpẹtà á gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tó bá sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ yín kò ní lè dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3, tí solenoid máa jókòó lé, kí ẹ dè é mọ́ bóòtù tí lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ fi dúró, kí ẹ fi bóòtù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kébù bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni ẹ máa fi so solenoid mọ́ apá lọ́ọ̀kì.

Iná ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì yín. Ọ̀pọ̀ Volkswagen Ìjàpá ayé ìgbà yẹn, fóltì 6 ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sì rèé, pósítìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Tí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí rewáyà tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣe apá iná.

Tó bá jẹ́ fóltì 12, tí nẹ́gétìfù sì wà ní bọ́dì, ẹ fi fíúsì sí ìtòsí bátìrì, kí wáyà 2.5 mm² ti ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 30 lára relay, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá. Ẹsẹ̀ 87 á lọ sí solenoid, 86 á gba iná láti ọ̀dọ̀ àpótí kékeré tó ń gbọ́ rìmóòtù, 85 á lọ sí bọ́dì. Ẹ fi diode kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, dábùú solenoid, kí ojú ìlà rẹ̀ wà níhà pósítìfù. Ẹ ṣètò àpótí rìmóòtù náà kó máa fún un níná fún bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná ò ní kúrò títí ẹ ó fi tún un tẹ̀. Irú èyí á jó solenoid yín.

Ẹ fi súwíìṣì kékeré kan sídìí háńdì-bíréèkì, kí wáyà 85 gba ibẹ̀ kó tó dé bọ́dì, kí bùútù má bàa ṣí lójú ọ̀nà. Ẹ má yá wáyà iná háńdì-bíréèkì lò fún un, torí iná lè gba inú gílóòbù kọjá síbi tí ẹ ò rò. Àpótí rìmóòtù kì í sùn pẹ̀lú o. Èyí tó bá ń jẹ mílíámpù 10 péré, láàárín oṣù kan, ó ti jẹ ámpù-wákàtí 7 nínú bátìrì. Tí ọkọ̀ náà bá máa ń dúró pẹ́, ẹ fi súwíìṣì tí ẹ ó fi máa pa á sí i.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Oníbàárà kan ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ti bùútù pa kó lè dán an wò. Kébù bọ́. Irin tuntun tó dè síbẹ̀ lọ́, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yí mọ́, inú bùútù yẹn náà sì ni bátìrì wà. Mo tú àga ẹ̀yìn, mo dojú bolẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, iná tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, kọ́wọ́ mi tó kan lọ́ọ̀kì náà. Ẹ so kébù kejì mọ́ apá lọ́ọ̀kì, kí ẹnu rẹ̀ yọ sábẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ lè dé. Tí àyè bá wà, ẹ tún fi ìfà tó ń tàn nínú òkùnkùn sínú bùútù fúnra rẹ̀. Láti September 2001 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí irú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tuntun tó ní bùútù, nítorí àwọn ọmọdé tó ń há síbẹ̀. Ọkọ̀ yín ò ní in.

Tí ẹ bá gbọ́ “kàù” tí bùútù ò sì gbéra, ẹ má dá iná lẹ́bi. Lọ́ọ̀kì ti já, ó tún ti padà mú ara rẹ̀ ni. Ẹ wá sípíríǹgì kékeré tí á máa ti ìdérí bùútù sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2.

Bùútù ò gbọdọ̀ dé títí ẹ ó fi dán an wò nígbà mẹ́wàá ní ṣíṣí sílẹ̀, kí ẹ máa fi súkúdíráfà ti ẹnu lọ́ọ̀kì: rìmóòtù nígbà mẹ́wàá, kọ́kọ́rọ́ nígbà mẹ́wàá, kébù abẹ́ àga nígbà mẹ́wàá. Tí ọ̀kan bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún un ṣe, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ení.