Offset lórí ohun ìjà tá à ń rà: ibi tó ti lè kan ṣọ́ọ̀bù léètì ní Àkúrẹ́

Àbúrò, o bèèrè pé tí ìjọba Nàìjíríà bá ń ra bàálù àti hẹlikópítà ogun lókè òkun, ṣé offset tí wọ́n máa ń sọ yẹn lè dé ọ̀dọ̀ àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́ àbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá Abuja lásán ni. Ó lè dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí tí wọ́n bá ti sanwó tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó fẹ́ ra ohun ìjà á sọ fún ẹni tó ń tà á pé owó tí mo fẹ́ san yìí pọ̀, ìwọ náà gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ wá sílé mi, yálà kó o máa ra pááàtì lọ́wọ́ àwọn ará mi, tàbí kó o kọ́ àwọn ẹnjiníà mi níṣẹ́, tàbí ká jọ máa tò ó níbí. India bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2005, ìdá 30 nínú 100 owó ọjà ni wọ́n ń gbà, nígbà tí wọ́n ra bàálù ogun Rafale 36 lọ́wọ́ Faransé ní 2016 wọ́n gba ìdá 50. Bàálù ogun Super Tucano 12 tó dé sọ́dọ̀ wa ní 2021, owó ẹ̀ sún mọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ fi ìdá 30 yẹn ṣírò ẹ̀ wò, iṣẹ́ 150 mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn o.

Turkey ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ní 1984 wọ́n dá iléeṣẹ́ bàálù tó ń jẹ́ TAI sílẹ̀ kí wọ́n lè máa to bàálù ogun F-16 Amẹ́ríkà nílé ara wọn. Nígbà tó di 2007 wọ́n bá iléeṣẹ́ Ítálì tó ń ṣe hẹlikópítà A129 ṣàdéhùn, wọn ò kàn rà á kí wọ́n máa gbé e fò, wọ́n gba ìmọ̀ ẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó jáde níbẹ̀ ni T129 ATAK, òun náà ni àwọn ọmọ ogun òfúrufú wa ń rà lọ́wọ́ wọn báyìí. South Korea náà, F-16 tí wọ́n bá Amẹ́ríkà ṣàdéhùn lé lórí láwọn ọdún 1990, nínú 120, 12 péré ló dé ní odindi, 36 dé ní pááàtì tí wọ́n tò, 72 ni wọ́n ṣe nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe bàálù tiwọn, T-50, tó kọ́kọ́ fò ní 2002 tí wọ́n sì ń tà á fáyé lónìí.

Ibi tó ti máa ń já, mo mọ̀ ọ́n, torí ó ṣojú mi. Kì í ṣe ohun ìjà o, àwọn maṣíìnì ńlá kan ni ìjọba rà, àdéhùn ẹ̀ sì ní kí iléeṣẹ́ òyìnbó tó tà á gbé díẹ̀ lára iṣẹ́ ẹ̀ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ wa. Aṣojú wọn kó dírọ́ìn wá, bọ́ọ̀ṣì àti píìnì ni wọ́n fẹ́, a ṣe é. Ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò fi aṣọ funfun nu píìnì kan, ó fi máíkíróòmítà, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, mú un lórí, láàárín, nídìí, ó yí i, ó tún mú un, ó kọ ọ́ sílẹ̀, iye tó wà nínú dírọ́ìn gan-an ló bá. Ló bá ní níbo ni ìwé irin yẹn wà? Ìwé tó sọ iléeṣẹ́ tó yọ́ ọ, nọ́ńbà ìyọ́ ẹ̀, iye kábọ́ọ̀nù àti màńgánísì tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ibi tá a ti ń rí irin, ṣáfùtù tírélà tó ti kọ̀ńdẹ̀mù ni, irin tó le gidi ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fún ẹ níwèé níbi tí wọ́n ti ń fi kílò wọn irin tà? Ó tún bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ máíkíróòmítà tèmi náà wò. Wọ́n dá gbogbo píìnì yẹn padà. Iṣẹ́ tí wọ́n wá gbé fún wa ni ká jó férémù tí wọ́n á gbé ẹrù lé, ká sì kun ún lọ́dà. Ìgbà tẹ́nì kan wá fi ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ síjọba hàn mí, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun, torí owó ọ̀dà, owó hòtẹ́ẹ̀lì àwọn èèyàn wọn, owó ọkọ̀ tó ń gbé wọn kiri, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ ìbílẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. South Africa ṣèlérí ní 1999 pé ohun ìjà tí wọ́n fẹ́ rà máa mú iṣẹ́ bíi 65,000 wá, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣírò iṣẹ́ tí àwọn olùtajà ṣe láti fi mú ìlérí wọn ṣẹ. Ọ́dítọ̀ àgbà India sọ ní 2020 pé nínú ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tán títí dé December 2018, ìdá 59 péré ni àwọn tó tajà fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti ṣe.

Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, kò sí ọmọ Ondo tó máa ní kí ìjọba má ra ohun ìjà. Kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n òyìnbó ò ní ṣe offset lọ́fẹ̀ẹ́, á fi owó ẹ̀ sórí ọjà, àwa la máa san án, nítorí náà ohun tí ò ní bá wọn padà lọ ni ká gbà. Témi bá wà níbẹ̀, láàbù tí wọ́n ti ń yẹ irin wò, tó lè fúnni níwèé tí gbogbo ayé á gbà, ni màá kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n gbé e sí ìtòsí wa níbí, a kúkú ní àwọn tó ń kọ́ nípa irin ní FUTA. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n á máa ra pááàtì lọ́wọ́ wa fún ọdún mélòó kan, torí ìwé yẹn lo máa gbé lọ sí bánkì kí wọ́n tó yá ẹ lówó ra CNC, maṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí. Owó ìtanràn tí wọ́n máa san tí wọn ò bá mú àdéhùn ṣẹ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ bánkì látìbẹ̀rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò rárá. DICON, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ohun ìjà, wà ní Kaduna láti 1964, òfin ẹ̀ tuntun jáde ní 2023, iléeṣẹ́ Proforce ń ṣe ọkọ̀ tí ìbọn ò ràn ní Òde-Rẹ́mọ níbí, ìyẹn ni pé àwọn tó lè gba iṣẹ́ ńlá kí wọ́n sì pín in fún wa wà nílẹ̀.

Má dúró de Abuja kó o tó múra sílẹ̀ o. Ra irin tó níwèé, kódà kó jẹ́ díẹ̀, kó o sì tọ́jú ìwé ẹ̀. Fáníà àti máíkíróòmítà, National Metrology Institute tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, ní ní Enugu ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì pọ̀ fún ẹnì kan, torí náà ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́, Ondo tàbí Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ kó tiẹ̀ lọ, kó fèsì síbí, ká jọ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan náà.