Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀dà Olóròóró Tó Ń Sán Lórí Kánfáàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Mọ̀lété ni mo ń gbé nílùú Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi ní àwòrán yíyà. Ọ̀dà olómi ni mo kọ́kọ́ ń lò kí n tó bọ́ sí ọ̀dà olóròóró. Òrùlé àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Bẹẹrẹ, bí èèyàn ṣe ń rí wọn láti iwájú gbọ̀ngàn Mápó, ni mo fẹ́ràn láti máa yà jù. Mo máa ń po òróró línsíìdì mọ́ ọ̀dà ìpele àkọ́kọ́ kí búrọ́ọ̀ṣì lè máa yọ̀ geere, nígbà tí mo bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí, mo máa ń fi tọpẹntáìnì la ọ̀dà ìpele ìkẹyìn. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú báyìí. Ojú ọ̀run inú àwòrán tí mo yà ṣáájú ọyẹ́ ti ń sán. Bákan náà, àwọn ibi kan wà tí àwọ̀ wọn ti kú, tí wọn kò dán mọ́, bẹ́ẹ̀ ibi tó yí wọn ká ń dán. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi fánìṣì kun gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
(Bàbá Olùkọ́, Mọ̀lété)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí fánìṣì kan àwòrán náà. Fánìṣì tí a bá kùn lé ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dénú máa ń lẹ̀ mọ́ ọn débi pé kò ní ṣeé yọ lọ́jọ́ iwájú láìba iṣẹ́ jẹ́. Ó yẹ kí àwòrán tí ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́ dúró tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí a tó fi fánìṣì kùn ún, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ nípọn sì lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fánìṣì kì í di ojú ibi tó ti sán.

Ohun tó fa ìṣòro yín wà nínú lẹ́tà yín gan-an. Òróró lẹ̀ ń pò mọ́ ìpele àkọ́kọ́, tọpẹntáìnì lẹ sì fi ń la ti ìkẹyìn. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣe. Tọpẹntáìnì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lọ tán pátápátá. Òróró línsíìdì ní tirẹ̀ kì í lọ síbì kankan: ńṣe ló máa ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí yóò sì máa le díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà tí òróró rẹ̀ pọ̀ fi máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, tí èyí tí a fi tọpẹntáìnì là sì máa ń yára gan. Tí èyí tó yára gan bá wà lókè, tí èyí tó ṣì rọ̀ wà nísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò máa sún kì bó ṣe ń gbẹ lọ, ti òkè kò sì ní lè bá a sún mọ́, ni yóò bá sán. Nítorí náà, òróró inú ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi tọpẹntáìnì díẹ̀ la ti àkọ́kọ́, ẹ lo ọ̀dà bó ṣe jáde láti inú túùbù fún èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá kán òróró díẹ̀ sí ti ìkẹyìn. Ẹ sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan láyè. Àwọn baba wa tó ń fi amọ̀ mọ ilé mọ̀ pé a kì í gbé ipele kejì lé èkíní tí kò tíì gbẹ. Ọ̀dà náà kò fẹ́ ìkánjú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí bá yín ṣe é pé òrùlé Bẹẹrẹ lẹ yàn láàyò, nítorí àwọn àwọ̀ tí ẹ nílò fún un wà lára àwọn tó rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ìpẹtà irin ló sọ páànù àtijọ́ di pupa rúsúrúsú bẹ́ẹ̀, irin tó ti gba ọ́síjìn yìí kan náà ló sì fún burnt sienna, ọ̀dà pupa rúsúrúsú kan, ní àwọ̀ tirẹ̀. Burnt umber, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, náà ní irin nínú, ó sì tún ní mángánísì, èyí tó máa ń mú kí òróró tètè gbẹ. Tí ẹ bá fi burnt umber tí ẹ fi tọpẹntáìnì là dáadáa ya gbogbo ìtò òrùlé àti òjìji wọn lákọ̀ọ́kọ́, láìtíì fọwọ́ kan àwọ̀ mìíràn, ìpele náà lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó sì ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú àwòrán náà wà. Titanium white, ìyẹn ọ̀dà funfun tí ẹ ó lò fún ojú ọ̀run, máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ivory black, ìyẹn ọ̀dà dúdú, sì ń pẹ́ bákan náà. Ẹ má ṣe fi ọ̀kankan nínú wọn ṣe ìpìlẹ̀ tó nípọn.

Ní ti ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kú, ìpele ìsàlẹ̀ tàbí kánfáàsì fúnra rẹ̀ ló fa òróró inú ọ̀dà òkè mu. Tí ibẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ po òróró línsíìdì díẹ̀ pọ̀ mọ́ tọpẹntáìnì, ẹ fi àkísà tó mọ́ fi í pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò pátá. Àwọ̀ náà yóò jí padà lójú yín, ẹ ó sì lè máa bá iṣẹ́ lọ lórí rẹ̀. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń pèsè kánfáàsì. Aṣọ tí a kò kùn rárá kò yẹ fún ọ̀dà olóròóró, torí òróró máa ń jẹ òwú rẹ̀ bọ́dún ti ń gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa ló ń fi ọ̀dà emulsion tí wọ́n fi ń kun ilé dípò gesso, ìyẹn ọ̀dà funfun tí a fi ń pèsè kánfáàsì, nítorí owó, n kò sì lè bá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wí lórí ìyẹn. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ ra gesso fún ọ̀kan yẹn.

Èyí tó ti sán kò ṣeé tún ṣe. Ẹ tún òrùlé yẹn yà lórí kánfáàsì mìíràn.

Ìbéèrè: Èmi Bàbá Olùkọ́ ti Mọ̀lété ni mo tún kọ̀wé, mo sì dúpẹ́ púpọ̀. Òrùlé tí mo tún yà kò sán, àwọ̀ rẹ̀ sì jí dáadáa. Mo wá gbìyànjú àti ya ìyàwó mi báyìí, adúmáadán ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kọ́ nìyẹn. Ọ̀dà dúdú ni mo lò fún òjìji, mo sì fi funfun la ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ìdáhùn: Ìyá jàre o. Ivory black àti titanium white tí ẹ pò pọ̀ ló ba ojú wọn jẹ́, torí eérú aláwọ̀ búlúù ni àwọn méjèèjì máa ń dà. Ẹ gbé dúdú inú túùbù tì ná. Ẹ po burnt umber mọ́ ultramarine, ìyẹn ọ̀dà búlúù, ẹ ó rí dúdú kan tó jinlẹ̀, tí ẹ lè mú kó tutù tàbí kó gbóná bí ẹ bá ṣe dín ọ̀kan tí ẹ sì fi kún ìkejì. Fún ààrin ojú, tí kò sí nínú òjìji tí kò sì sí nínú ìmọ́lẹ̀ gan-an, burnt sienna ni kí ẹ gbára lé. Tí ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, yellow ochre, ìyẹn ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún un kí ẹ tó ronú kan funfun. Ara dúdú tó ń dán kì í gba ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Ojú ibi tó ń kọ mànà lórí iwájú orí, lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lórí imú kéré, ó sì mọ́lẹ̀ gidigidi. Tí ìyá bá jókòó síta, ẹ ó rí i pé díẹ̀ nínú àwọ̀ ojú ọ̀run wà nínú ìkọmànà yẹn, nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni funfun pẹ̀lú ultramarine bíńtín ti wúlò.

Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lálẹ́ máa ń tan ojú jẹ, tí ẹ ó fi rí i lówùúrọ̀ pé búlúù ti pọ̀ jù. Àwọn ìwé tó wá láti Yúróòpù máa ń ní kí ayàwòrán jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí àríwá, kí oòrùn má bàa wọlé tààrà. Lọ́dọ̀ tiwọn, òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, nítorí náà aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí ẹ ta sójú fèrèsé, ibi yòówù tí ó kọjú sí, yóò ràn yín lọ́wọ́ ju ìmọ̀ràn yẹn lọ. Tí ó bá wù yín láti rí ẹni tó ti rin irú ọ̀nà yìí ṣáájú yín, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti ń ya àwòrán ojú èèyàn fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Àdó, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Òórùn tọpẹntáìnì ń fún ọmọ mi kékeré níkọ́. Ṣé kí n lo kẹrosíìnì dípò rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, àǹtí. Kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú ọ̀dà, òórùn tirẹ̀ náà kò sì dára fún ọmọ. Ẹ lè ṣiṣẹ́ láìlo tọpẹntáìnì rárá: ẹ fi ọ̀dà bó ṣe jáde láti inú túùbù ya ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ nà án dáadáa kó fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi àkísà nu búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi òróró línsíìdì díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ parí rẹ̀. Ẹ má fi abọ́ tí ẹ ń lò fún ọ̀dà jẹun. Ohun kan tí ó kàn yín ju ẹlòmíràn lọ ni àkísà, nítorí àwọn ègé aṣọ tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àkísà tó mu òróró línsíìdì máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gba ọ́síjìn, tí ẹ bá sì ká a jọ sínú àpò kan, ó lè gbiná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan síta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí kí ẹ tó kó o dànù.