Orí Ẹ Ò Bá Ẹ Jà, Sípéèdì Ló Ti Tán Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Newark ni mo wà. Àwa méje la máa ń ta pókà oníkáàdì méje (mẹ́ta nínú káàdì ẹnì kọ̀ọ̀kan á dojú bolẹ̀, mẹ́rin á wà lójú fún gbogbo wa) nílé ọ̀rẹ́ wa lálẹ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kíńgì méjì wà lábẹ́ mi, 9 wà lójú, 9 míì tún bọ́ sí i ní káàdì kẹrin. Àwọn márùn-ún ti jáwọ́ ní káàdì kẹta, háàtì, àmì ọkàn pupa, wà lójú mẹ́ta nínú wọn. Ẹni tó kù, nígbà tá a dé káàdì karùn-ún, háàtì mẹ́ta ló wà lójú tiẹ̀. Mo ń fowó lélẹ̀, ó ń san án, àfi ìgbà tí háàtì karùn-ún bọ́ sí i lọ́wọ́ níkẹyìn: káàdì márùn-ún alámì kan náà, ó sì ju Kíńgì méjì àti 9 méjì tèmi lọ. Inú bí mi. Ìpín tó tẹ̀ lé e, sípéèdì, àmì dúdú, mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ gbà, mo sì ń wá márùn-ún. Lóòótọ́, mẹ́rin ti wà lójú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n mo ní kí n ṣáà gbìyànjú. Kò jẹ́! Ṣé kí n máa dá owó tó pọ̀ sí i kí n fi gba tàná padà, àbí orí mi ló ní kí n wá bọ òun? — K.A.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀ràn méjì lo dì sínú ẹrù kan yẹn. Ti Kíńgì àti 9, oríburúkú ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Háàtì 13 ló wà nínú páálí. Ká ní mẹ́rin wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, mẹ́ta ti bá àwọn tó jáwọ́ lọ, mẹ́fà ló kù láàárín káàdì 37 tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ò tíì rí. Pẹ̀lú káàdì méjì tó ṣì ń bọ̀, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá ni háàtì á bá a. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, fowó lélẹ̀ bákan náà. Jẹ́ kó sanwó kó tó rí káàdì.

Ti sípéèdì ni mo fẹ́ bá ẹ wí lé lórí. Ká ní kò sí sípéèdì kankan lójú àwọn mẹ́fà yòókù, bíi ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni tìrẹ á pé márùn-ún. Pẹ̀lú mẹ́rin tó ti jáde, kò pé mẹ́sàn-án. O rí wọn, o sì tún fowó tì í. Èwo ni ti orí níbẹ̀?

Mo pín káàdì ní Atlantic City lẹ́yìn 1993, ọdún tí New Jersey gba pókà láyè nínú kasínò. Àwọn àgbà tó mọ eré yìí kì í gbé etí káàdì tiwọn wò lákọ̀ọ́kọ́. Tábìlì ni wọ́n máa wò yíká, nítorí ẹni tó bá jáwọ́ á da káàdì rẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, o ò sì lè ní kó ṣí i padà. Àwọn ọmọ tí tẹlifíṣọ̀n fi Texas Hold'em kọ́ lẹ́yìn tí Chris Moneymaker gbégbá orókè nínú ìdíje pókà World Series of Poker ní 2003 ò mọ ìyẹn. Wọn ò ṣáà nílò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí káàdì àjùmọ̀lò nìkan ló ń wà lójú nínú irú pókà yẹn.

Dídá owó tó pọ̀ sí i ńkọ́? Má dán an wò. Káàdì ò mọ iye tó o ti pàdánù. Ìbínú ìpín àkọ́kọ́ lo fi ta ìkejì, ìyẹn ló sì jẹ owó rẹ. Bí wọ́n bá tún gbá ẹ bẹ́ẹ̀, dìde, lọ mu omi, jẹ́ kí wọ́n pín ẹ̀ẹ̀mejì láìsí ìwọ níbẹ̀. Owó tó o bá mú jáde nílé nìkan ni kó o fi ta, kí káàdì báǹkì ẹ sì wà nílé lọ́wọ́ ìyàwó.