Dírìǹkì aláwòrán tí ọmọ ń sunkún sí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, máa ń sunkún ní súpámákẹ́ẹ̀tì títí n ó fi ra dírìǹkì ọsàn kan tó ní àwòrán kìnnìún lára. Wọ́n kọ "fítámìnì C" gàdàgbà sí i. Ṣé mo lè máa fi sínú báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá ọmọ wí. Torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ya kìnnìún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kì í sábà mọ̀ pé ẹni tó ń polówó ọjà fẹ́ tà ni. Ọ̀rẹ́ ló ka kìnnìún yẹn sí. Ẹ wò ó, àtẹ ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ tó ni irú páálí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, tàbí ibi ìsanwó gan-an, níbi tí ẹ ò ti ráyè sá fún ẹkún. Fítámìnì C, ẹ̀yin ni wọ́n kọ ìyẹn fún, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Kò dín ṣúgà kù.

Ẹ yí páálí sẹ́yìn. Èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Bí omi bá ṣáájú, tí ṣúgà tẹ̀ lé e, tí ọsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú, omi ṣúgà lẹ rà. (Glucose syrup àti fructose, ṣúgà náà ni.) Ẹ wá wo iye ṣúgà inú mílílítà 100. Ibẹ̀ ni ojú ti ń tanni: ta ló ń mu mílílítà 100 péré? Bó bá jẹ́ gíráàmù 10, tí ìgò jẹ́ 50cl (mílílítà 500), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di gíráàmù 50. Nǹkan bíi gíráàmù 4 ni ṣíbí tíì kan, ẹ pín in sí 4: ṣíbí tíì 12 àbọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, títí kan ti omi èso, má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,500 kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi gíráàmù 37.

Nítorí náà, omi ni kẹ́ ẹ máa fi sí báàgì. Ẹ ti sọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó jáde: ọjọ́ Sátidé nìkan, ife kékeré kan. Bẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ nítorí ẹkún, ẹkún ni yóò máa lò lọ.

Bẹ́ ẹ bá ní èyí tó ti dàgbà díẹ̀, fóònù àti àwọn olórin ni wọ́n fi ń mú ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún energy drink: agolo 25cl sábà máa ń ní mílígíráàmù 80 kaféènì, èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ní ìpàdé òbí, ẹ bèèrè ẹni tó ń gbé owó inter-house sports kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ dírìǹkì, ẹ ní kí wọ́n gbé omi wá, kí orúkọ ọjà wọn má sì sí lára aṣọ eré àwọn ọmọ.